Ta Ló Kú Nílé McCartney? Àlàyé Lórí Àhesọ Tó Ti Lé ní Ọdún 50

Ní ilẹ̀ wa, a mọ akúdàáyà. Ẹnìkan kú ní Ìbàdàn, wọ́n sin ín, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Nígbà tó yá, ará ilé rẹ̀ kan ta gìrì lọ́jà Kánò: òkú àná ló ń ta aṣọ yẹn. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Paul McCartney, gbajúmọ̀ akọrin òyìnbó inú ẹgbẹ́ Beatles, ní ọdún 1969. Ọkùnrin náà wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló mọ́ra lóko rẹ̀ ní Scotland, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ sì ń sunkún òkú rẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún 1966 ló ti kú. Wọ́n ní ẹlòmíràn ló ń wọ aṣọ rẹ̀, tó ń fi irú ohùn rẹ̀ kọrin, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, ẹnìkan á ṣáà béèrè pé, "Ṣé ojúlówó rẹ̀ ni tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́pò?" Àwọn ìbéèrè yòókù á sì tẹ̀ lé e. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ àwọn tó ni Kodak, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà, ni ìyàwó rẹ̀? Ṣé Yoko, ìyàwó John Lennon ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló tú ẹgbẹ́ wọn ká? Ṣé Èkó ló ti wá jí orin wa? Heather wo ni ìyàwó, Heather wo ni ọmọ? Mo fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí àti orin rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ òun àti ará ilé rẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ àkọ́kọ́ wà. James Paul McCartney ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Liverpool, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1942. Jim ni bàbá rẹ̀, ẹni tó ń ta òwú, tó sì ti fìgbà kan ní ẹgbẹ́ onílùú jáàsì tirẹ̀. Mary ni ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú kọlu ìyá yìí, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1956, nígbà tí Paul jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ẹ mọ orin "Let It Be", èyí tó ti dárúkọ Ìyá Mary tó wá bá a nígbà ìpọ́njú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ará wa nínú Ìjọ Àgùdà, gbà pé Màríà Wúńdíá ló ń bá wí. Kì í ṣe òun. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló yọ sí i lójú àlá, tó ní kó fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lójú. Nígbà tí Paul wá bí ọmọbìnrin ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, Mary ló sọ ọ́. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, Yétúndé ni à bá máa pè é. Jim náà, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ James, kú ní oṣù Kẹta ọdún 1976. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, Paul bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, ó sì sọ ọ́ ní James. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí à bá fún un.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1957, níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Woolton, ìgbèríko Liverpool, Paul pàdé John Lennon. Ìpàdé yẹn ló di Beatles: John, Paul, George Harrison, àti Ringo Starr tó dé gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ló wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan. Igbe àwọn ọmọbìnrin níbi eré wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olórin fúnra wọn kì í gbọ́ gìtá tí wọ́n ń ta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, wọ́n ṣe eré orí pápá ìkẹyìn ní San Francisco, wọ́n sì wọ inú sítúdíò lọ, wọn ò gba ìpè eré mọ́.

Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, 1966. Òun gan-an ni wọ́n máa wá pè ní ọdún ikú rẹ̀, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí gbajúmọ̀ akọrin jẹ́ ojúlùmọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan: ìwọ mọ̀ ọ́n, òun ò mọ̀ ọ́. O mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, o mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jí ọ láàárọ̀, ọkàn rẹ sì ti kà á mọ́ ẹbí. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jáde síta, ìfẹ́ náà ń rí oúnjẹ jẹ. Lọ́jọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn, ọkàn tó ti mọ́ra á bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ kiri, ibẹ̀ ni àhesọ sì ti ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé wọ́n fi ẹnu ọ̀nà ilé Paul ní Cavendish Avenue, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ibùjókòó, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Apple Scruffs ni wọ́n ń pe àwọn àti ẹgbẹ́ wọn tó ń dúró síwájú sítúdíò àti ọ́fíìsì. Wọ́n mọ wákàtí tó máa ń jáde àti èyí tó máa ń wọlé. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ nínú wọn gbé àkàbà ti ògiri, ọ̀kan gba ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀ wọlé, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀ lọ ṣe ìrántí. Paul fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin. Síbẹ̀, olè kọ́ ni wọ́n ka ara wọn sí. Ilé ẹbí ni wọ́n rò pé àwọn wọ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ikú náà. Ó ní gbòǹgbò, torí kò sí irọ́ tó ń hù lórí àpáta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1965, Paul ṣubú lórí alùpùpù kékeré kan ní Liverpool. Eyín rẹ̀ kan kán, ètè rẹ̀ là, ó sì dá túbọ̀mu sí láti fi bo ojú àpá náà. Àwọn tó ń wo fọ́tò rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ yí padà, wọn ò mọ ìdí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1967, àhesọ kan jà ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọkọ̀ rẹ̀ ti dànù lójú ọ̀nà M1, ó sì ti kú. Ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ Beatles sẹ́ ẹ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì sùn.

Ó jí ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Drake ní Iowa kọ ọ́ pé àwọn kan ń béèrè bóyá Paul ti kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ẹnìkan tẹ ilé iṣẹ́ rédíò WKNR ní Detroit láago, ó ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Russ Gibb yí àwo Beatles kan sẹ́yìn, kó gbọ́ ohun tó ń sọ. Gibb yí i. Ìlú gbóná. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Fred LaBour, tí wọ́n ní kó ṣe àgbéyẹ̀wò àwo tuntun Beatles, Abbey Road, fún ìwé ìròyìn Yunifásítì Michigan, kọ ìròyìn ikú dípò rẹ̀. Ó to "àmì" jọ, èyí tí kò sì rí, ó dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹni tó rọ́pò Paul, William Campbell, inú orí LaBour ló ti jáde. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣe ìgbẹ́jọ́ àfiṣeré lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n fi gbajúmọ̀ lọ́yà F. Lee Bailey ṣe agbẹjọ́rò, LaBour sọ fún lọ́yà náà kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ pé òun ló hun ún. Wọ́n ṣe ètò náà lọ ní tiwọn.

Àwọn àmì yẹn ló ń da ènìyàn láàmú jù, nítorí pé wọ́n ṣeé fojú rí. Ẹ mú páálí àwo Abbey Road lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rin ń sọdá títì. John wọ aṣọ funfun, wọ́n ní òun ni pásítọ̀. Ringo wọ dúdú, òun ló ń ṣètò ìsìnkú. George wọ aṣọ iṣẹ́, òun ló ń gbẹ́ sàréè. Paul ò wọ bàtà, bí òkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá tàwọn yòókù mu, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú sìgá, nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ ìjàpá funfun kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 28IF, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká ní kò kú ni, ì bá pé ọmọ ọdún 28.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ni Iain Macmillan ya fọ́tò náà. Ó gun àkàbà láàárín títì, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ dúró fún un, ó sì ya ẹyọ mẹ́fà péré ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Paul wọ sálúbàtà wá, ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ó wá bọ́ ọ sílẹ̀. Fọ́tò ìkarùn-ún ni wọ́n mú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti là dáadáa bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹnìkan tó ń gbé ládùúgbò ló ni ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì jí nọ́ńbà rẹ̀ yọ léraléra lẹ́yìn tí àwo náà jáde. Ní ti ọmọ ọdún 28, ẹ bá mi ṣírò: ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọmọ ọdún 27 ni á jẹ́ ní ọdún 1969. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún àwọn onígbàgbọ́, wọ́n ní kí a ka oṣù tó lò nínú oyún mọ́ ọn.

Wọ́n tún ní John wí níparí orin kan pé òun sin Paul. John ní orúkọ ọbẹ̀ èso kan tí àwọn òyìnbó fi ń jẹ tòlótòló lòun ń pè. Wọ́n ní àmì tó wà lápá aṣọ Paul nínú fọ́tò àwo wọn Sgt. Pepper kà pé O.P.D., tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kéde ikú ẹnìkan. O.P.P. ló wà níbẹ̀, báàjì ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, aṣọ náà ló ká níbẹ̀ tí lẹ́tà tó kẹ́yìn fi dà bí D. Mo lè máa kà á lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó yẹ kí a rí ni bí àhesọ yìí ṣe ń dá ara rẹ̀ bọ́: bí ọ́fíìsì Beatles bá dákẹ́, wọ́n ní wọ́n ń bo òkú; bí wọ́n bá sẹ́, wọ́n ní ṣebí wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́. Kò sí ìdáhùn kankan tó lè pa á. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lórí WhatsApp wa, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn òṣèré àgbà wa tí wọ́n ṣì wà láàyè, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, àwọn oníròyìn ìwé ìròyìn Life ti Amẹ́ríkà wá a lọ sí oko rẹ̀ nítòsí Campbeltown. Paul bínú, ó da omi korobá lù wọ́n, wọ́n sì yà á ní fọ́tò níbi tó ti ń dà á. Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Paul ronú, ó sáré tẹ̀ lé wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní fọ́tò ìbínú yẹn, òun á jẹ́ kí wọ́n ya òun àti ìdílé òun, òun á sì dáhùn ìbéèrè. Ìwé ìròyìn náà jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Paul, Linda ìyàwó rẹ̀, Heather tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Mary tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì ló wà lójú páálí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàgàrà pé Paul ṣì wà pẹ̀lú wa.

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn gan-an ni Paul ti sọ pé ọ̀rọ̀ Beatles ti parí. Ó sọ ọ́ kedere, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, mílíọ̀nù ènìyàn ló ra ìwé náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo ayé ń wá ikú nínú báàjì àti nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n fò kọjá lórí ikú tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ikú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kéde pé Paul ti fi Beatles sílẹ̀, wọ́n lanu, wọ́n ní ó bá àwọn lójijì.

Ẹni tí ilé bá dàrú mọ́ lórí máa ń wá ẹni tí á dì í rù, obìnrin ló sì máa ń sábà bọ́ sí. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n á ní ìyàwó ló ń kọ́ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ pé Yoko Ono, ìyàwó John, ló tú Beatles ká. Àwọn tí kò dárúkọ Yoko dárúkọ Linda. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé máníjà wọn, Brian Epstein, kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó owó mọ́. Nígbà tó yá, John, George àti Ringo fẹ́ kí Allen Klein, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, di máníjà. Paul fẹ́ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ lọ́yà, ṣe é. Ibẹ̀ ni ìjà wà. John ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn yòókù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 pé òun ń lọ, wọ́n ní kó má tíì sọ ọ́ síta. Paul wá sọ tirẹ̀ síta, ó sì di ẹni tó tú ẹgbẹ́ ká lójú ayé. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1970, ó pe àwọn mẹ́ta yòókù lẹ́jọ́ kí ilé ẹjọ́ lè tú àjọṣe òwò wọn. Ní ti Yoko, Paul fúnra rẹ̀ sọ fún oníròyìn David Frost ní ọdún 2012 pé kì í ṣe òun ló tú wọn ká.

Linda ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni àhesọ fìyà jẹ jù. Nígbà tó fẹ́ Paul, Linda Eastman ló ń jẹ́. Ayafọ́tò ni. George Eastman ló dá ilé iṣẹ́ Kodak sílẹ̀. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní ọmọ olówó Kodak ni Paul gbé níyàwó. Bí ìgbà tí ẹnìkan gbọ́ pé obìnrin kan ń jẹ́ Abíọ́lá, tó sì sọ pé ọmọ M.K.O. ni. Bàbá Linda fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ Eastman láti ìbí: Leopold Epstein ni orúkọ rẹ̀, Júù ni, òun ló yí orúkọ padà kó tó di gbajúmọ̀ lọ́yà ní New York. Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà lẹ̀ ni pé owó wà nílé wọn lóòótọ́. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá ní Cleveland. Ìyá náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1962. Linda àti Paul jọ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá kú mọ́ ènìyàn lójú.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1969 ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ Marylebone ní Lọ́ńdọ̀nù. Òjò ń rọ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn Beatles yòókù níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kún ìta, wọ́n ń sunkún bí ẹni tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já jù sílẹ̀. Linda ti lọ́kọ rí kó tó fẹ́ Paul, ó sì ti bí Heather fún un ní òpin ọdún 1962. Paul gba ọmọ náà ṣe tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Heather yìí, ọmọ tó di amọ̀kòkò, ni Heather àkọ́kọ́.

Nígbà tí Paul dá ẹgbẹ́ Wings sílẹ̀ ní ọdún 1971, ó ní kí Linda máa tẹ dùùrù, òun á kọ́ ọ. Wọ́n bú u. Wọ́n ní kò mọ nǹkan kan, ìyàwó olórin kàn ń bá olórin lọ ni. Lẹ́yìn eré Knebworth ní ọdún 1990, ẹnìkan yọ ohùn Linda nìkan sọ́tọ̀ kúrò nínú orin, ó sì tàn án ká kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà pé kì í ṣe ọ̀gá nídìí dùùrù. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí ohùn òun àti ti Paul ṣe wọ inú ara wọn nínú àwọn àwo ìgbà náà. Ohùn lọ́kọláya ni, kò sí ògbólógbòó akọrin kan tí wọ́n lè háyà tó máa rí bẹ́ẹ̀.

Ohùn yẹn ló bá wọn dé Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú ni onígìtá Henry McCullough àti onílù Denny Seiwell ní àwọn ò lọ mọ́. Paul, Linda, Denny Laine tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Wings, ẹlẹ́rọ Geoff Emerick àti àwọn ọmọ ló dé. Sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apápá, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Paul fúnra rẹ̀ ló lù ìlù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, adigunjalè yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tó gba orin tuntun sí àti ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí. Orí ló bá a gbà á sílẹ̀ tí àwọn orin náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, èémí há a láyà nínú sítúdíò, ó dá kú, Linda rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti sin ín lásán, Apápá ló ti fẹ́ ṣe é lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ Fẹlá ńkọ́? Paul lọ gbọ́ orin rẹ̀ ní Afrika Shrine, ó sì sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé orin náà dùn débi pé òun sunkún. Fẹlá ní ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú ni. Paul pè é wá sí sítúdíò, ó fi àwọn orin tó ti gbà sílẹ̀ hàn án, Fẹlá sì rí i pé kò sí tiwọn níbẹ̀. Èmi ò dá Fẹlá lẹ́bi pé ó fura. Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó ti jẹ orin wa pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé Band on the Run, àwo tí wọ́n wá gbà sílẹ̀ l'Ékòó, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, sí etí, ẹ ò ní gbọ́ áfróbíìtì kankan níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó lù sí i, Remi Kabaka, Lọ́ńdọ̀nù ló ti bá wọn lù ú lẹ́yìn tí wọ́n ti padà sílé.

Èyí tó kàn yìí máa ń wúwo lọ́kàn mi. Àrùn tó pa ìyá Paul ló pa ìyàwó rẹ̀. Linda kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1998, ọmọ ọdún 56, ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ṣì ń gun ẹṣin. Agbẹnusọ wọn kéde pé Santa Barbara ní California ló kú sí. Àwọn oníròyìn ya lọ síbẹ̀, wọ́n ń wá ìwé ẹ̀rí ikú, kò sí. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kíá ni àhesọ gbòde pé bóyá wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti kú ni, bóyá ìdí tí wọ́n fi ń fi ibẹ̀ pamọ́ nìyẹn. Ìdílé náà wá sọ pé ibòmíràn ni, ní oko wọn nítòsí Tucson ní Arizona. Àìsàn ló pa á, wọ́n dárúkọ ìlú mìíràn kí àwọn lè rí àyè ṣọ̀fọ̀ ni. Irọ́ ni wọ́n pa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ayé ti fi nọ́ńbà ọkọ̀ sin láàyè rí, ṣé ẹ máa bá a wí pé kò fẹ́ kí kámẹ́rà wà níwájú ilé tí òkú ìyàwó rẹ̀ wà?

Heather kejì ni Heather Mills, tó fẹ́ ní Ireland ní oṣù Kẹfà ọdún 2002. Ó kéré sí Heather tó jẹ́ ọmọ Linda lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí orí fi ń dàrú. Wọ́n bí Beatrice ní ọdún 2003, wọ́n pínyà ní 2006, ilé ẹjọ́ sì fún obìnrin náà ní mílíọ̀nù 24.3 pọ́n-ùn ní 2008. Ìwé ìròyìn ìgboro jẹ àwọn méjèèjì lẹ́nu fún ọdún méjì gbáko. Ìdájọ́ náà wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Paul fẹ́ Nancy Shevell. Marylebone náà ni, orí àtẹ̀gùn kan náà tó ti bá Linda sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò ní ọdún 42 ṣáájú. Àbúrò rẹ̀ Mike, tó ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ní 1969, ló tún ṣe é. Ní 1969, Heather ọmọ ọdún mẹ́fà ló tẹ̀ lé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Beatrice ọmọ ọdún méje ló gbé òdòdó. Àwọn olólùfẹ́ tún kún ìta bí ti tẹ́lẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa.